Orúkọ Kan Nínú Ìwé Ìròyìn Àtijọ́: Ta Ni Fáṣuyì Tí Ẹ Rí Yẹn?

Ẹnìkan á jókòó sídìí fóònù rẹ̀ lálẹ́, á tẹ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ síbi tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ sí, á sì rí ìlà méjì láti ọdún 1958: J. O. Fasuyi, tíṣà ní Adó, wà lára àwọn tó ṣètò ìdágbére fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń lọ sí ìlú òyìnbó. Inú rẹ̀ á dùn gan-an. Joseph lorúkọ bàbá àgbà tirẹ̀, tíṣà sì ni lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán ìlà méjì yẹn ti wọ WhatsApp ẹbí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń kọ “a kú oríire”. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìrántí ni Màmá Ìkẹ́rẹ́, àkọ́bí bàbá náà, tó rí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ní 1958, ṣé Òmùò kọ́ ni bàbá mi wà?”

Mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín àwa ọmọ Èkìtì. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń fà á, torí àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé wọn ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà tó lè tọ́ wọn sọ́nà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan. Wọ́n mú orúkọ ìdílé tiwa bí ẹni pé bíi ti òyìnbó ló ṣe rí, pé ó ti wà láti ayébáyé, àti pé gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ, ọmọ baba kan ni wọ́n. Ní Èkìtì, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orúkọ Fáṣuyì yìí náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ títí tí mo fi máa parí ọ̀rọ̀. N kò ní agboolé kan pàtó lọ́kàn. Orúkọ náà wà káàkiri Èkìtì, ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.

Kí ilé ìwé tó dé, ènìyàn kan ní orúkọ àbísọ, ó ní oríkì, ó lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí à ń pè ní sọ́nẹ́ẹ̀mù lónìí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, a ó ní ọmọ Fáṣuyì ti Òkèṣà, tàbí ọmọ Fáṣuyì onílù. Àdúgbò, agboolé àti iṣẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí orúkọ ìdílé ń ṣe báyìí. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí ní 1893 ni ẹ̀sìn Kristi tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ káàkiri Èkìtì. Àwọn ọmọ wa tí ogun ti kó lẹ́rú, tí wọ́n sì ti gba Kristi níbi tí wọ́n wà, ni wọ́n gbé e bọ̀ wálé. Ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé ìwé tẹ̀ lé e, tíṣà sì nílò orúkọ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé orúkọ tó ń pè láràárọ̀. Ó bi ọmọ pé, “Kí lorúkọ bàbá rẹ?” Ohun tọ́mọ bá dáhùn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ìdílé Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀: lẹ́nu ọmọ ọdún méje tí ẹ̀rù tíṣà ń bà.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dojú rú láti ibẹ̀. Bàbá kan bí ọmọkùnrin mẹ́rin. Àkọ́kọ́ dé iwájú tíṣà, ó ní Fáṣuyì lorúkọ bàbá òun. Èkejì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, orúkọ ẹni tó mú un wá sílé ìwé ni wọ́n kọ. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀kẹta, bàbá ti ṣe ìrìbọmi, ó ti di Daniel, ọmọ náà sì di ọmọ Daniel. Ẹ̀kẹrin bọ́ sí àsìkò tí bàbá ti joyè, oyè yẹn ni wọ́n fi ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ baba kan náà, orúkọ ìdílé mẹ́rin. Bí ẹ bá wá tẹ Fáṣuyì nìkan, ẹni kan péré lẹ máa rí nínú mẹ́rin.

Òdìkejì rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀. Fáṣuyì ti Adó, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìjerò lè má bára wọn tan rárá. Ohun tó kàn pa wọ́n pọ̀ ni pé ilé tí wọ́n ti ń bọ Ifá ni wọ́n bí baba ńlá oníkálukú wọn sí, tí Ifá sì ṣe ohun iyì fáwọn tó bí i. Orúkọ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbí, irú ohun bẹ́ẹ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé mẹ́wàá lọ́dún kan náà.

Nítorí náà, orúkọ ìdílé wa ní ibi tó ti ń dópin bí a bá ń lọ sẹ́yìn. Ó dópin sórí ẹni tó jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọkùnrin yẹn kò ju baba ńlá ìran kẹta tàbí ìkẹrin lọ. Bàbá Fáṣuyì fúnra rẹ̀ kì í ṣe Fáṣuyì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìròyìn sílẹ̀, kó lọ gbọ́ oríkì ìdílé náà, kó sì béèrè àdúgbò àti agboolé.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà sílẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù.

Fáṣuyì, orúkọ Èkìtì pọ́ńbélé ni. Ohun tí ará Ọ̀yọ́ ń pè ní iyì, uyì la ń pè é. Ilé wọn ni ulé wa, igi wọn ni ugi wa. Ẹni tó bá ti gbọ́ “Ilẹ̀ Uyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ” tí a fi ń ki ìpínlẹ̀ wa ti mọ uyì tó wà nínú orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n tíṣà tàbí akọ̀wé tó bá ti Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta wá lè rò pé ọmọ náà ṣi ọ̀rọ̀ pè, kó sì tún un ṣe bó ṣe yé òun. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Èdè tó mọ̀ ló fi kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ náà ló wá ń fi uyì wá ẹni tí wọ́n fi iyì kọ.

Lẹ́tà ṣ náà tún wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1875, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, la ti ní ìlànà tó fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti s. Àmọ́ ìwé ìròyìn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í lo àmì yẹn, sh ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Òṣogbo ṣe di Oshogbo, tí Iléṣà di Ilesha. Fáṣuyì náà lè di Fashuyi lónìí, kó tún di Fasuyi lọ́la, nínú ìwé ìròyìn kan náà. Ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀kan ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ aiye àti ayé kò yàtọ̀. Kí ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé, aiye la máa ń kọ, yio la sì máa ń kọ dípò yóò. Ìwé yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kò bá a yí padà tán. Ìdí rèé tí Aiyégbùsì àti Ayégbùsì fi wà títí dòní, tí wọ́n sì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan. Orúkọ ìlú náà ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ tirẹ̀: ẹ ó bá Ìkẹ́rẹ́ pàdé bí Ikerre, ẹ ó sì bá Ẹ̀fọ̀n pàdé bí Effon.

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán ìwé wá dá tirẹ̀ sí i. Bébà ti gbó, yíǹkì ti ṣá, ẹ̀rọ á rí u, á pè é ní n, Fasuyi á di Fasnyi. Bí orúkọ bá bọ́ sí ìparí ìlà, wọ́n á là á sí méjì, Fasu lókè, yi nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí i bí kò bá fi ojú ara rẹ̀ ka ojú ewé náà.

Èyí tó ṣòro jù ni pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ yí orúkọ padà. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: Fá, Ògún àti Èṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́rùn àwọn onígbàgbọ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi Olú tàbí Jésù sí i. Fáṣuyì á di Olúṣuyì. Ìró rẹ̀ kù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì kù díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó ti kúrò lábẹ́ F nínú gbogbo ìwé tí wọ́n to orúkọ sí. Nígbà mìíràn ẹ̀gbọ́n á yí tirẹ̀, àbúrò á ní òun ò yí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó bá yí i sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ ohun tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ ló ní oògùn èyí. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ìwé ìròyìn wa ti ń tẹ ìkéde ìyípadà orúkọ, ìkéde kékeré tí ẹni náà máa ń sanwó fún: èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀, báyìí ni kí wọ́n máa pè mí láti òní lọ, gbogbo ìwé ẹ̀rí mi àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ilé iṣẹ́ báyìí àti gbogbo ará ìlú ṣàkíyèsí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò ó kọjá. Èmi máa ń dúró síbẹ̀ pẹ́, torí kò sí ibòmíràn nínú ìwé ìròyìn tí orúkọ àtijọ́ àti tuntun ti pàdé lórí ìlà kan náà, pẹ̀lú ọjọ́, àti orúkọ ibi iṣẹ́ nígbà púpọ̀. Àwọn ìyàwó tuntun náà máa ń ṣe irú ìkéde yìí. Lójú tèmi, òun lọ̀nà tó dára jù láti fi wá obìnrin, torí lẹ́yìn ìgbéyàwó, “Mrs.” pẹ̀lú orúkọ ọkọ ló kù nínú ìròyìn, àfi bí ìkéde òkú bàbá rẹ̀ bá tún dá orúkọ ilé padà fún un láàárín orúkọ àwọn ọmọ olóògbé.

Ọkùnrin náà máa ń sọnù bẹ́ẹ̀, lábẹ́ oyè. Ọjọ́ tó bá ti di Ọ̀dọ̀fin tàbí Asíwájú ìlú rẹ̀, oyè lè gba ipò orúkọ nínú ìròyìn. Bó bá wá joyè ọba, tó di Ẹ̀wí, Ògògà, Ajerò tàbí Ẹlẹ́kọ̀lé, orúkọ tó jẹ́ nílé ìwé ti wọlé sùn nìyẹn. Daniel Aniràre tó jọba ní Adó ní 1937, Ẹ̀wí Aládésanmí Kejì ni ìwé ìròyìn ń pè é títí ó fi wàjà ní 1983.

Ta ló tiẹ̀ ń kọ ìròyìn Èkìtì nígbà náà? Èkó ni wọ́n ti ń tẹ àwọn ìwé ìròyìn ńlá: Daily Times láti 1926, Akéde Èkó lédè Yorùbá láti 1928, West African Pilot ti Azikiwe láti 1937. Ìbàdàn ní Yoruba News láti 1924, Nigerian Tribune ti Awólọ́wọ̀ láti 1949, àti Daily Sketch láti 1964. Kò sí èyí tó fi Èkìtì ṣe ilé. Àwọn aṣojú tó wà ní àgbègbè ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn, àwọn tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ nílùú kékeré sì ni tíṣà àti akọ̀wé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ: eré ìje ilé ìwé, ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdágbére tíṣà, ìjà oyè, ìpàdé ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú. Ìròyìn sì lè pẹ́ lọ́nà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ọjọ́ tó wà lókè ìwé lè má jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà méjì àti orúkọ bàbá ni wọ́n sì ń lò, J. O. Fasuyi. J yẹn lè jẹ́ Joseph, James, Joshua, Jacob tàbí John, gbogbo rẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ nínú ìwé ìrìbọmi wa.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọ̀fìn tirẹ̀. Bí ẹ bá rí “college” nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ má tètè rò pé yunifásítì ni. St. Andrew’s tó ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1896, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni. King’s College Èkó ti 1909, ilé ẹ̀kọ́ girama ni. University College Ìbàdàn ti 1948 ló di Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962. Ní Adó tiwa, Christ’s School tí Archdeacon Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933, Ekiti Central School ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ọmọ tó wọlé sí Central School àti ọmọ tó jáde ní Christ’s School lè jẹ́ ọmọ kan náà.

Èyí tó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà jù rèé. Ká ní ẹ rí i nínú ìwé ìròyìn 1983 pé ọmọ Fáṣuyì kan wọlé sí Obafemi Awolowo University. Ẹ ó ní Ifẹ̀ ló ti kàwé. Rárá o. Lọ́dún yẹn, University of Ife ni ti Ifẹ̀ ṣì ń jẹ́, àfi ní 1987 ni wọ́n tó fún un lórúkọ Awólọ́wọ̀. Adó-Èkìtì ni Obafemi Awolowo University wà, èyí tí ìjọba Gómìnà Ajáṣin dá sílẹ̀ ní 1982. Ní 1985 ó di Ondo State University, ní 1999 ó di University of Ado-Ekiti, ní 2011 ó sì di Ekiti State University tí a mọ̀ lónìí. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa wá èèyàn rẹ̀ nínú ìwé Ifẹ̀ títí, àwọn yẹn á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ìpínlẹ̀ náà ń yí bẹ́ẹ̀. Láti 3 Oṣù Kejì 1976 títí di 1 Oṣù Kẹwàá 1996, ará Èkìtì, ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ni nínú ìròyìn. Kó tó dìgbà yẹn, Ìwọ̀-Oòrùn ni. Lábẹ́ òyìnbó, ẹkùn Oǹdó tún ni, Àkúrẹ́ sì wà lábẹ́ Èkìtì fún ìgbà kan nígbà náà. Nítorí náà “Fasuyi, ará Oǹdó” lè jẹ́ ọmọ Ìfàkì tí kò sùn ní Oǹdó rí.

Kí ẹ sì wo orúkọ ìlú dáadáa. Adó wà ní Èkìtì, Adó-Odò wà ní Ògùn, Adó-Àwáyè wà ní Ọ̀yọ́. Ìdó-Èkìtì kì í ṣe Ìdó ti Ìbàdàn. Ìgbàrà-Odò jẹ́ ti Èkìtì, Ìgbàrà-Òkè jẹ́ ti Oǹdó. Òkè-Imèsí wà lọ́dọ̀ wa, Imèsí-Ilé sì wà ní Ọ̀ṣun. Ẹ bá tún rí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ẹ má lọ wá a sí Iléṣà. Èkìtì ni, nítòsí Ìkọ̀lé.

Kí wá ni ká ṣe? Ohun tó ti ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé n kì í wá ẹni náà nìkan mọ́. Àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn pọ̀ mọ́ tirẹ̀ ni mò ń wá. Bí ìròyìn bá dárúkọ tíṣà márùn-ún, ẹ mú mẹ́rin yòókù lọ bá àgbà kan nílé. Ó lè má rántí ọdún, ṣùgbọ́n á sọ pé, “Háà, àwọn wọ̀nyí, ilé kan ni àwọn àti bàbá yín jọ gbé ní Ìkọ̀lé,” tàbí kó ní òun ò gbọ́ orúkọ wọn rí lẹ́nu bàbá. Ìdáhùn méjèèjì ló wúlò. Ìlú, iṣẹ́, ọdún àti ẹlẹgbẹ́: bí èyí tó bá ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nílé mu nínú rẹ̀ kò bá tó mẹ́ta, ẹ fi ìlà yẹn sínú fáìlì, ẹ kọ “bóyá” sí i lára, kẹ́ ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ síbì kankan. Ẹ sì rántí pé wọ́n máa ń gbé tíṣà míṣọ̀n láti ìlú dé ìlú, ènìyàn kan lè hàn ní ìlú mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ìwé ìròyìn nìkan kò tó. Ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì ẹkùn Oǹdó àti Èkìtì láti ìgbà òyìnbó, ilé ìkàwé Kenneth Dike tó wà nínú ọgbà kan náà sì ní àkójọ ìwé ìròyìn. Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba máa ń tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ tàbí tí wọ́n gbé ga. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Archivi.ng ń ya àwòrán ìwé ìròyìn Nàìjíríà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wá. Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ilé jù ni ìwé orúkọ ìgbàwọlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àti àdúgbò papọ̀. Ẹ fi sùúrù bẹ àlùfáà tàbí ọ̀gá ilé ìwé. Ikán ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó bá rí i, kó fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀, kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀ nìkan.

Ní ti àwọn ọmọ Màmá Ìkẹ́rẹ́, ìbéèrè rẹ̀ ló gbé wọn dé Òmùò. Wọn kò rí Fáṣuyì kankan nínú orúkọ àwọn tíṣà ọdún 1958 tó wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Wọ́n pè é lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, “Màmá, a ò rí bàbá níbí o.” Ó ní kí wọ́n ka orúkọ náà sí òun létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kà á lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹfà, J. Daniel, ó ní kí wọ́n dúró. “Ẹ ti rí i yẹn. Orúkọ ìrìbọmi bàbá tó bí i ni. Ìgbà tó padà sí Adó ló tó gba Fáṣuyì.”